Ọmọ dúdú mẹ́ta lára Labrador yẹ́lò: ẹjọ́ Oyin ní Àkóbọ̀

Oyin jẹ́ abo ajá Labrador yẹ́lò, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Simba, akọ tí wọ́n mú un lọ bá, yẹ́lò ni òun náà. Nígbà tí Oyin bímọ, ọmọ méje ló bí: mẹ́rin yẹ́lò, mẹ́ta dúdú kirikiri. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Màmá tó ni Oyin àti Alhaji tó ni Simba kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni dókítà ẹranko tó ń tọ́jú ajá méjèèjì, ọ̀dọ̀ mi sì ni ẹjọ́ náà já sí. Àwọn méjèèjì ti fún mi láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé ìbéèrè tí wọ́n bi mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin Labrador máa ń gbé wá bá mi.

Àdéhùn wọn kò le rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó ni akọ lè gba owó, ó sì lè gba ọmọ. Alhaji ní òun kò fẹ́ owó, òun á ṣa ọmọ méjì tó bá wu òun. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí fọ́tò àwọn ọmọ dé orí WhatsApp rẹ̀, ó pe Màmá lójú ẹsẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o, ta ló tún gun Oyin lẹ́yìn Simba?" Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ òtítọ́ ṣeré. Ó ka ìbéèrè yẹn sí pé wọ́n pe òun ní oníjìbìtì. Òun náà dá a lóhùn: "Alhaji, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé dúdú ni ìyá tó bí Simba. Ẹ yẹ ìdílé ajá yín wò dáadáa kí ẹ tó yẹ tèmi."

Àwọ̀ mẹ́ta ni Labrador ní: dúdú, yẹ́lò àti ṣokoléètì. Yẹ́lò yìí gbòòrò, láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun títí dé èyí tó pọ́n gan-an. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá dúdú ìyá Simba lè fara pamọ́ sínú Simba, kó wá yọ lára ọmọ rẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Yẹ́lò ló máa ń fara pamọ́ sínú dúdú, dúdú kì í fara pamọ́ sínú yẹ́lò. Torí pé nọ́ọ̀sì ni Màmá, jẹnotáìpù ni mo fi ṣàlàyé fún un. Ọkọ AS àti ìyàwó AS lè bí ọmọ SS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn méjèèjì le. Ṣùgbọ́n bí SS bá fẹ́ SS, SS nìkan ni wọ́n lè bí. Labrador yẹ́lò ni SS yẹn. Ọmọ ajá ń gba jíìnì kan, ìyẹn ohun ìdílé tó ń pinnu bí ara ṣe máa rí, lọ́dọ̀ ìyá, ó ń gba ìkejì lọ́dọ̀ bàbá. Nínú jíìnì tó ń jẹ́ kí dúdú yọ sára irun, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Ajá yẹ́lò kò ní ẹyọ kankan nínú rẹ̀, kò sì lè fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí kò ní. Ìyá Simba dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yẹ́lò tó fara pamọ́ sí i lára ló gbé fún Simba. Dúdú kò tẹ̀lé Simba kúrò nínú ìyá rẹ̀.

Alhaji, tó ti ka ìwé díẹ̀ nípa irú ajá rẹ̀, rán mi létí Ben of Hyde. Lóòótọ́ ni. Ajá omi tí àwọn apẹja ń lò ní St. John's, ní Newfoundland tó wà ní Canada, ni baba ńlá Labrador. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lọ́wọ́ wọn fẹ́ràn dúdú jù. Ní 1899, ajá dúdú méjì bí Ben of Hyde, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀ sí Labrador yẹ́lò àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1903, ni Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀, fọwọ́ sí Labrador gẹ́gẹ́ bí irú ajá tó dá dúró. "Bí dúdú méjì bá lè bí yẹ́lò," Alhaji ní, "ṣebí yẹ́lò méjì náà lè bí dúdú?" AS méjì ni àwọn òbí Ben of Hyde. Oyin àti Simba kì í ṣe AS.

Nítorí náà, akọ mìíràn ti wọlé. Ohun tó kù ni ìgbà tó wọlé àti ọ̀nà tó gbà.

Mo ní kí Màmá mú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ Oyin sí wá. Iṣẹ́ agbẹ̀bí kò tíì kúrò lára rẹ̀, kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ kán lójú ara Oyin wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n gbé e lọ sílé Alhaji, Simba gùn ún, wọ́n sì so mọ́ra dáadáa. Ní ọjọ́ kejìlá, Simba tún gùn ún. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Oyin padà sílé. Màmá kọ "Ó ti lóyún" sí abẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì pa ìwé dé. Inú ọjọ́ tí kò sí ohun tí wọ́n kọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní abo ajá gbọ́ èyí yékéyéké: bí akọ bá gun abo, kò sọ pé abo náà ti ṣíwọ́ wíwá akọ. Ìgbà tí abo fi ń wá akọ máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ojú ara rẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán, akọ á máa tẹ̀ lé e kiri, ṣùgbọ́n kò ní gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á gbé ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dúró fún akọ. Ìyẹn náà lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án, ti àwọn mìíràn á dín, ti àwọn mìíràn á lé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kì í ṣe ọkọ tí ẹ yàn fún un nìkan ló ń dúró fún. Akọ tó bá kọ́kọ́ fo ògiri náà ti ríbi gbà.

Ẹyin abo ajá máa ń jáde nígbà kan náà, ṣùgbọ́n kì í tíì gbó. Á tún lo nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó lè gba àtọ̀, á sì wà láàyè fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Àtọ̀ akọ ní tirẹ̀ lè dúró nínú abo fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 65 lẹ́yìn tí Simba kọ́kọ́ gùn ún ni Oyin bímọ. Oyún ajá máa ń tó ọjọ́ 63 láti ìgbà tí ẹyin bá jáde, nítorí náà bí a bá kà á padà sẹ́yìn, nǹkan bí ọjọ́ kejìlá ni ẹyin Oyin jáde, ó sì gbó ní nǹkan bí ìkẹrìnlá. Àtọ̀ Simba ti ń dúró de ẹyin. Akọ tó bá gùn ún ní ọjọ́ kẹrìnlá gan-an dé lásìkò. Bàbá méjì fún oyún kan, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ohun tó fa á náà ni kò jẹ́ kí àwọn dúdú kéré ju àwọn yẹ́lò lọ, kí wọ́n sì pẹ́ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Alhaji ṣe béèrè. Ọjọ́ tí ẹyin gbó ló ń sọ ọjọ́ orí ọmọ inú, kì í ṣe ọjọ́ tí akọ wá.

Kí n tó débẹ̀, àwọn ará ilé Màmá ti wá ọ̀daràn tiwọn. Ajá dúdú kan ṣoṣo ló wà ní òpópónà náà, ti mẹkáníìkì tó wà ní ìkángun. Wọ́n ti lọ bá ọkùnrin náà ní ibi iṣẹ́, wọ́n ti bú u níwájú oníbàárà, ó sì ń fi Ọlọ́run búra. Ó dùn mí. Mo lọ wo ajá náà níbi tó sùn sí lábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ti kú. Arúgbó ajá ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tipẹ́, àpò ẹpọ̀n rẹ̀ ṣófo. Ẹnikẹ́ni ì bá ti rí i bó bá bẹ̀rẹ̀ wò.

Ọmọbìnrin tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ ilé ló tú gbogbo rẹ̀. Ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kẹtàlá àti ìkẹrìnlá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bingo ti mẹ́gádì ni. Ọjọ́ kejì tí Oyin dé ni. Bíríkìlà ti dá ihò sí ògiri ẹ̀yìn nítorí omi òjò, kò tíì dí i. Nígbà tí mo fẹ́ sá aṣọ ni mo bá wọn, wọ́n kọ ìdí síra wọn. Mo rò pé kò séwu mọ́, ẹ̀yin náà lẹ ní Oyin ti lóyún." Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ohun tí àgbà ilé sọ ló gbà gbọ́.

Bingo ń gbé nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá. Gbogbo wa jọ lọ wò ó. Ajá ìbílẹ̀ ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Alhaji dúró, ó wo Bingo, ó wò mí. "Dókítà, èyí kò yé mi o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé yẹ́lò méjì kì í bí dúdú. Èyí náà kì í ṣe dúdú."

Ibi tó dára jù nínú gbogbo ẹjọ́ yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ràn pé òun ló béèrè. Mo bẹ mẹ́gádì kó di Bingo mú, mo sì fi àtàǹpàkò la irun ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì nínú oòrùn. Ìdí irun náà pọ́n, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú. Irun gígùn tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ dúdú. A padà sọ́dọ̀ Oyin, mo la tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Imú Oyin dúdú, ètè rẹ̀ dúdú, etí ìpéǹpéjú rẹ̀ dúdú, àmọ́ láti orí dé ìrù, irun dúdú kan ṣoṣo kò sí. Pupa Bingo àti yẹ́lò Oyin jọra lójú, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló yàtọ̀.

Kí ajá tó lè dúdú látòkèdélẹ̀, ó nílò ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni jíìnì tó ń jẹ́ kí dúdú yọ sára irun, èyí tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkejì ni jíìnì mìíràn tó ń mú kí dúdú náà bo gbogbo ara. Oyin ní ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Labrador tí kò ní in, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò lè rí i lára rẹ̀. Bingo ní àkọ́kọ́, kò ní ìkejì, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi mọ sí ṣóńṣó irun. Ọmọ gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ohun méjèèjì pé sí i lára, ó sì dúdú. Labrador yẹ́lò méjì kì í bí dúdú. Labrador yẹ́lò àti ajá ìbílẹ̀ pupa lè bí i.

Àyẹ̀wò DNA wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ti akọ tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Alhaji ti fẹ́ ká ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí irun Bingo, ó ní kò pọn dandan mọ́. Ó yíjú sí Màmá: "Ẹ forí jì mí, Màmá. Mo sọ̀rọ̀ àsọjù." Màmá ní kò sí nǹkan, ó ní kí wọ́n bá òun ká lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí òun náà lọ tọrọ àforíjì.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, Màmá bi mí ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé inú Oyin ti bàjẹ́? Ó ti gbọ́ pé bí ajá ìbílẹ̀ bá ti gun ajá òyìnbó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa yọ lára gbogbo ọmọ tí abo náà bá bí lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó ń tà ajá, wọ́n ń fi í dín owó abo tó dára kù. Irọ́ ni. Oyún kọ̀ọ̀kan ní ẹyin tirẹ̀ àti àtọ̀ tirẹ̀, ohunkóhun lára Bingo kò ṣẹ́kù sínú Oyin. Bí Simba nìkan bá gùn ún nígbà mìíràn, ọmọ Simba nìkan ni yóò bí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ká mi lára ju ọmọ dúdú lọ. Kí Màmá tó mú Oyin lọ sílé ọkọ, ó ti jẹ́ kí a ya X-ray oríkèé ìbàdí rẹ̀, ó sì dúró kó pé ọmọ ọdún méjì kó tó ronú oyún rárá. Mo yìn ín, mo sì tún ń yìn ín. Oríkèé ìbàdí àti ti ìgúnpá ni ibi tí Labrador ti máa ń jìyà: orí egungun itan kò jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, àgbà rẹ̀ á di ìrora. Ìdílé ló ń rìn wá, jíìnì púpọ̀ ló sì dá sí i, nítorí náà òbí tí X-ray wọn mọ́ náà lè bí ọmọ tó ní in, ṣùgbọ́n òbí tí a kò yẹ̀ wò ni à ń fi ọmọ ta tẹ́tẹ́ lé lórí. A kò yẹ Simba wò. Alhaji rò pé níwọ̀n bó ti ń sáré, tó sì ń fò, ìbàdí rẹ̀ le. Ẹ̀yìn oyún ni mo tó mọ̀ pé kò ṣe é, mo sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn tóbi ju ti Bingo lọ. Bàbá ọmọ mẹ́ta ni Bingo. Simba ti ṣe bàbá fún oyún mélòó kan ṣáájú Oyin.

Ó ya X-ray náà lọ́sẹ̀ kejì. Ìbàdí ọ̀tún dára. Ihò ti òsì kò jinlẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kò burú, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú abo rẹ̀ wá, kó lè jẹ́ abo tí ìbàdí tirẹ̀ mọ́ nìkan ni Simba á máa gùn.

Oúnjẹ náà bá ọ̀rọ̀ ìbàdí lọ. Ìwọ̀n 34 kílò ni Oyin nígbà tí Màmá kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ kó bímọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó dára fún abo Labrador wà láàrin 25 sí 32. Màmá ní kò sí ìgbà tí Oyin kì í bẹ̀bẹ̀ oúnjẹ. Ó lè má jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn Labrador tí wọ́n yẹ̀ wò tí jíìnì kan tó ń jẹ́ POMC kò pé lára wọn, irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé òun ti yó, ó sì máa ń sanra ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ní in ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yó. A ń wọn oúnjẹ Oyin, a yọ ẹ̀bà àti èèpá ìrẹsì kúrò, ó sì wálẹ̀ sí 30 kí Simba tó gùn ún. Àwọn ọmọ náà, a kò jẹ́ kí wọ́n sanra, torí ìwúwo lórí oríkèé tó ṣì ń dàgbà ló ń ba ìbàdí jẹ́ kíákíá.

Nǹkan kan ni mo ní láti dá Màmá dúró nínú rẹ̀ nígbà oyún. Bó ṣe ń fún aboyún ènìyàn ní kálísíọ̀mù tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún Oyin. Fún ajá, ewu ni. Bí oògùn bá ń kó kálísíọ̀mù wọlé nínú oyún, ara ajá á gbàgbé bó ṣe ń fà á jáde látinú egungun. Nígbà tí ọmọ méje bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ìyá á máa gbọ̀n, ara rẹ̀ á le, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Oúnjẹ ọmọ ajá tó dára, tí a fún un láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù kó bímọ, ti tó. Màmá gbọ́, ó ko oògùn náà sọnù lójú mi.

Ìbímọ fúnra rẹ̀ kò fún wa ní wàhálà. Màmá ń fi tẹmómítà wọn bí ara Oyin ṣe gbóná tó lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí òǹkà náà wálẹ̀ kọjá 37.2°C, ó mọ̀ pé ọjọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì pè mí. A bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn fún àwọn ọmọ láti ọ̀sẹ̀ kejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tó bá ń sin ajá n'Ìbàdàn tó ń fi ti eégbọn ṣeré ń wá ikú kiri, nítorí náà a tọ́jú ìyá fún eégbọn pẹ̀lú oògùn tí kò léwu fún ọmọ tó ń mu ọmú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹnikẹ́ni tó bá wo ọgbà Màmá á mọ ọmọ Bingo láìbi ẹnikẹ́ni. Etí ọ̀kan ti dìde pátápátá, ti àwọn méjì yòókù tẹ̀ ní ìdajì. Ìrù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ká sẹ́yìn. Wọ́n ní funfun díẹ̀ ní àyà, ṣùgbọ́n mo sọ fún Màmá pé kó má ka ìyẹn sí ẹ̀rí, torí Labrador gidi náà lè ní funfun kékeré níbẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti Lẹ́kì, ó fẹ́ ra àwọn dúdú méjì ní iye Labrador. Màmá sọ òtítọ́ fún un. Ó ní kò sí nǹkan, òun á tà wọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá sìn ín dé géètì. Lórí káàdì ọmọ dúdú kọ̀ọ̀kan ló kọ pé: ìyá, Labrador, bàbá, ajá ìbílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn gba méjì, mẹ́gádì ní kí wọ́n fún òun ní ìkẹta.

Lórí àwọn yẹ́lò, ọmọ Màmá kan ní ọmọ kan ṣoṣo ló yẹ kí Alhaji gbà, torí pé mẹ́rin nìkan ni tirẹ̀. Alhaji ní méjì ni wọ́n jọ sọ. Ohun tí wọ́n parí sí ni pé Alhaji á kọ́kọ́ ṣa ọ̀kan, Màmá á ṣa ọ̀kan, Alhaji á tún ṣa ọ̀kan, èyí tó kù á jẹ́ ti Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ní gbangba, lójú gbogbo ilé.

Oyin yóò sinmi nígbà tó ń bọ̀ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Èyí tó bá tẹ̀ lé ìyẹn, a ó máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo progesterone, họ́mọ́nù tó máa ń lọ sókè nígbà tí ẹyin bá fẹ́ jáde, ká lè mọ ọjọ́ tí ẹyin jáde dípò ká máa fojú díwọ̀n. Àdéhùn tuntun ti wà nínú ìwé, àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i: iye ọmọ tí Alhaji máa gbà bí ọmọ bá pọ̀ àti bó bá kéré, ẹni tó máa san owó bí wọ́n bá ní láti la Oyin nínú, àti pé láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kán títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ fi pé, Oyin kò gbọ́dọ̀ jáde síta, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, láìsí okùn lọ́rùn àti àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà ti dí ihò ògiri.